Irùngbọ̀n Mi àti Òrí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: èmi obìnrin, mo nírùngbọ̀n. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí ọkọ mi máa kí mi láràárọ̀ pé, "Alàgbà, ẹ jíire bí?" Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọbìnrin mi bímọ, mo pinnu pé àkọ́bí ọmọ-ọmọ mi kò ní lajú kó pè mí ní bàbá àgbà. Mo gba àdúgbò Cocody lọ, dókítà awọ ara kan fi iná lésà jó irun náà dànù.

Àgbọ̀n mi pọ́n, ó ń ta mí bí ẹni tó fi ata bọ́jú. Dókítà fún mi ní ìpara kan tí kò lóòórùn, àti crème solaire, ìpara tí í dènà oòrùn, fún ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde.

"Tantie, àǹtí mi," ó ní, "kò sí nǹkan mìíràn o. Bí ẹ bá fi nǹkan mìíràn sí i, ó lè dúdú bí ìdí ìkòkò."

Ọkọ mi ló pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé wọ́n ti jó ìyàwó òun lójú. Kí n tó délé l'Abobo, Màmá ti jókòó dè mí pẹ̀lú ike òrí tó fi káńfọ̀ pò. Láti Adjamé ló ti sáré wá.

"Ìyàwó mi, o kú ewu iná! Gbé àgbọ̀n wá."

Ta ní í kọ òrí lọ́wọ́ ìyá ọkọ? Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ná, màá fi para."

Mo kúkú fi para. Gìgísẹ̀ ni mo fi í pa. Ṣé gìgísẹ̀ kì í ṣe ara ni? Àgbọ̀n ń jẹ ìpara dókítà, ẹsẹ̀ ń jẹ òrí Màmá, àlàáfíà sì wà nílé.

Nígbà tó fi di ọjọ́ ìkómọ nílé ọmọbìnrin mi ní Gonzagueville, àgbọ̀n mi ń dán, kò sí àpá kankan. Màmá fà mí káàkiri láàárín àlejò: "Ẹ wò ó! Òrí mi ni!" Mo ń mi orí bí aláǹgbá.

A wá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé lọ wo ọmọ. Màmá wo ẹsẹ̀ mi, gìgísẹ̀ ń dán, ó ń rùn káńfọ̀. Ó wo àgbọ̀n mi. Ó tún wo ẹsẹ̀.

"Òrí mi yìí mà rìn jìnnà o."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Mo fi àgbọ̀n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, kò tilẹ̀ mira.

Màmá sún mọ́ mi létí, ó tú ìbòrí tó fi bo àgbọ̀n díẹ̀. Irun funfun mélòó kan ń yọjú lágbọ̀n òun náà.

"Má sọ fún ọkọ rẹ o. Ọjọ́ wo lo máa mú mi lọ bá dókítà yẹn?"