Ẹ̀wà Àpò Kejì

Títí dòní, bí mo bá dé ọjà tí mo rí ẹ̀wà tó ń dán, tí kò ní ihò kankan lára, n kì í rà á. Ẹ̀wà tí kòkòrò ò lè jẹ, èmi ni kí n wá jẹ ẹ́? Ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní màmá òun nìkan ló ń wá ẹ̀wà oníhò kiri ọjà. Kó máa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Inú mi ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òun gan-an ni wọn ì bá pa.

Ọmọ Òfìkì ni mí. Ìlú kan lápá Ṣakí ni mo lọ́kọ sí, kó tó di pé àwọn ológun gbé ìjọba padà fún alágbádá. Kápẹ́ńtà ni ọkọ mi, oníwà tútù ni, òun sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Àwọn arábìnrin rẹ̀ ti lọ́kọ sí ọ̀nà jíjìn, bàbá wọn sì ti kú. Ìyá ọkọ mi ló ni ilé, òun ló ni oko, òun náà ló ni àgádágodo tó wà lẹ́nu iyàrá tí a ń kó oúnjẹ sí. Ọkọ mi ló kan ilẹ̀kùn iyàrá yẹn fún un. Kò fún ẹni tó kan ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́.

Láràárọ̀ ni yóò jáde pẹ̀lú agolo, tí yóò wọn ohun tí a ó jẹ lọ́jọ́ náà. "Èyí, ti ọmọ mi. Èyí, tìẹ." Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ sè é, ìkòkò méjì lórí ààrò méjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀ kí n má baà fi igi ṣòfò, ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó da gbogbo rẹ̀ fún ewúrẹ́ níṣojú mi. Ó ní kí n lọ fi ebi sùn, pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ wo? Ìkà ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Òwò ẹ̀wà ló ń ṣe. Á rà á nígbà ìkórè tó bá pọ̀, á pa á mọ́ di ìgbà tó bá wọ́n, àwọn oníṣòwò Ìbàdàn á wá fi lọ́rì kó o. Kòkòrò ni ọ̀tá irú òwò bẹ́ẹ̀. Ní tiwa ní Òfìkì, eérú àti ata gbígbẹ ni ìyá mi fi ń tọ́jú ẹ̀wà, a sì máa ń gbé ti irúgbìn sórí àjà kí èéfín lè máa fín in. Mo ṣèèṣì sọ ọ́ létí ìyá ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní oògùn òtòṣì nìyẹn. Tirẹ̀, oògùn òwú ni, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn olóko òwú ń fọ́n sí ewé. Á da ẹ̀wà sílẹ̀, á bu ìyẹ̀fun lé e, á fi ọwọ́ lásán pò ó. Òórùn rẹ̀ a máa ta ènìyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà.

Òṣìṣẹ́ àgíríkì kan tó gun alùpùpù kọjá bá a lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó wá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ewé òwú la ṣe èyí fún. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ. Bí ẹ tilẹ̀ fọ ẹ̀wà yẹn, kò ní ṣí kúrò lára rẹ̀ tán."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá fi dá a lóhùn. "Ará Ìbàdàn ló máa jẹ ẹ́."

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wò mí, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ẹ̀wà tí ìyá yà sọ́tọ̀ fún ilé, kò fi nǹkan kan sí i. Àpò tirẹ̀ dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ihò kòkòrò kún inú ẹ̀wà náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀.

Ọdún tí mo lóyún, ó bu oògùn náà jù. Oníṣòwò Ìbàdàn ti imú bọ inú àpò kan, ó sín, ó tún sín, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ẹ̀wà yín, n kò fẹ́ wàhálà." Ó kó àwọn àpò yòókù, ó fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀. Inú bí ìyá ọkọ mi. Ó wọ́ àpò náà padà sínú iyàrá, ó gbé e ti àpò ilé, ó ń kùn pé òun kò ní jẹ́ kí nǹkan òun ṣòfò.

Láti ọjọ́ kejì ni agolo tèmi ti yí padà. Ti ọmọ rẹ̀ níhò, tèmi ń dán. Ojú kan ni mo wò ó tí mo ti mọ ibi tó ti bù ú.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ̀wà yìí ń run oògùn."

"Fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Mo ti fọ̀ ọ́, Ìyá, òórùn rẹ̀ kò lọ."

Ó wò mí láti orí dé ikùn. "Oògùn kòkòrò ni. Ṣé kòkòrò ni ọ́ ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò sí oúnjẹ mìíràn tí mo lè jẹ, ìlú òbí mi jìnnà, ìyàwó tó bá sì kọ oúnjẹ ìyá ọkọ, wọ́n á ní kò níwà. Mo sè é, mo jẹ ẹ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, mo ń bì bí ẹni tó máa bi ìfun jáde. Àwọn obìnrin agboolé ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oyún àkọ́bí kì í ṣe eré. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí.

Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ká mi mọ́ iyàrá níbi tí mo ti ń wo àwo mi tí omijé ń bọ́. Ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà bo ojú ọ̀nà, ó gbé àwo tirẹ̀ síwájú mi, ó sì gbé tèmi.

"Ẹ má jẹ ẹ́," mo ní. "Oògùn wà nínú rẹ̀."

"Ìyá mi kò lè fún ọ ní ohun tó máa pa ọ́," ló sọ. "Oyún ni kò jẹ́ kó bá ọ lára mu. Jẹ tèmi. Ọkùnrin ni mí, kò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, bí olè. Kì í fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i rárá. Ọkùnrin tó bá gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún ìyàwó nílùú wa, wọ́n á ní obìnrin ti fún un ní nǹkan jẹ, pé kì í ṣe ojú rẹ̀ ló fi ń ríran mọ́. Ìtìjú yẹn ló ń sá fún. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ojú tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ayùn, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ìdí iṣẹ́ ló wà nígbà tó ṣubú. Gìrì mú un, eyín rẹ̀ pa dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta ilẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbóòórùn èébì rẹ̀, ó yọjú sí èmi àti ìyá níta, ó ní, "Oògùn kòkòrò ni ọkùnrin yìí jẹ. Kí lẹ fún un jẹ?"

Àsítàgáfúrúlái! Mi ò tíì la ẹnu tí ìyá ọkọ mi fi ká ọwọ́ lérí, ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ti pa ọmọ mi o!" Ó ń pariwo yẹn títí a fi délé.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Àlàmísì, baálé agboolé pe gbogbo wa jọ. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ láàárín, tèmi ti ikùn. Baálé ní, "Ìyàwó, ẹlẹ́bi tó bá mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Jẹ́wọ́."

"Bàbá, ohun tí Ìyá wọ̀n fún mi ni mo sè."

"Irọ́!" Ìyá dìde, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹ̀wà tí mo wọ̀n fún ọmọ mi kò ní oògùn kankan! Inú àpò tó mọ́ ni mo ti ń bù ú, lójoojúmọ́ ayé! Òun ló wá nǹkan fi sí i!"

Baálé yí ojú sí ìyá wẹ́rẹ́. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àpò tó mọ́ lẹ wí. Èwo wá ni èyí tí kò mọ́?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti àpò kejì, ti àwo tí a ń pààrọ̀ lẹ́yìn aṣọ. Mo kọjú sí ìyá, mo ní, "Ọmọ yín ló ń jẹ tèmi, Ìyá. Èmi ni mò ń jẹ tirẹ̀."

Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbàgà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ dé egungun, inú mi sì dùn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ìkà kì í tètè túúbá. Ó gbé ohùn sílẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ó lè ṣe ènìyàn ní nǹkan, pé ẹ̀wà tí a bá ti fọ̀ kò léwu.

"Kò léwu?" mo ní. "Ẹ jẹ́ ká sè é kí Ìyá jẹ ẹ́."

Baálé gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀wà nínú àpò kejì, wọ́n fọ̀ ọ́ níṣojú gbogbo wa, wọ́n sè é, wọ́n bu epo sí i, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo àwo náà. Ó wá fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ààwẹ̀ ni mo gbà lónìí. Ààwẹ̀ nọ́fílà ti Àlàmísì."

Àwọn kan fẹ́ dìde. Ó yẹ kí n bú sẹ́kún, ẹ̀rín ló ń gbọ̀n mí. Mo ní, "Kò burú, Ìyá. Oòrùn á wọ̀."

Wọ́n sì jókòó. A kírun alásárì, wọ́n padà wá jókòó, mo padà wá kúnlẹ̀. Ẹ̀wà náà tutù, epo dì lórí rẹ̀, a ń lé eṣinṣin. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀, èmi tí mi ò lẹ́bi. Ìyá ń wo oòrùn. Mi ò rí ẹni tó ń wo oòrùn báyẹn rí.

Ládánì pe ìrun mọ̀gáríbì. Baálé fún un lómi, ó ṣínu. Mo ti àwo náà sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹun, Ìyá. Ṣé kòkòrò ni yín ni?"

Ó bu ṣíbí kan, ó gbé e dé ẹnu. Ètè rẹ̀ kò là. Ẹ̀wà dà sí i láyà, ó fi ìborùn bo ojú.

"Ẹ gbé e kúrò," ni baálé wí. "Ó ti yé wa." Ẹ gbọ́ ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e. Èmi ló kọjú sí. "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ilé ni. Má jẹ́ kó jáde síta. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lọ́jà, ta ni yóò tún ra ẹ̀wà lọ́wọ́ agboolé yìí?" Ó tán. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo yọjú sínú iyàrá náà, àpò kejì ti lọ. Wọ́n ti tà á. Ilé ta ni wọ́n gbé e lọ, ọmọ ta ló jẹ ẹ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ọkọ mi padà wálé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ìṣó mú mọ́, gìrì kò sì fi í sílẹ̀. Ó rí ọmọ tó fi oúnjẹ rẹ̀ gbà là, ó gbé e jó, ọmọbìnrin tó mókun. Kò pẹ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tí gìrì gbé bàbá rẹ̀ lọ pátápátá. Mo sunkún rẹ̀ títí, mo ṣì ń sun ún.

Ìyá ọkọ mi kò kú ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ fọ́, òwò rẹ̀ wó, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò wá mú un. Ta ló kù tó máa fún un lóúnjẹ? Èmi náà ni. Kọ́kọ́rọ́ wá di tèmi, agolo di tèmi. Mi ò fi ebi pa á rí, mi ò sì fi nǹkan kan sí oúnjẹ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án. Á tẹ́tí sílẹ̀, á máa dúró kó gbọ́ pé mo ti kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. N kì í yára.

Ọmọ mi ti gbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó jókòó tì wá, ó ń wo ìyá àgbà, ó ń wo àwo, ó ń wo ṣíbí tí mo mú dání. Ó ní, "Màmá, ṣé ebi kò pa ìyá àgbà ni? Kí ló dé tí wọn kò jẹun?"

Ìyá gbọ́. Ó gbé ojú tí kò ríran náà sókè síbi tí mo wà, ó ń retí ohun tí n ó sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ààwẹ̀ ni wọ́n gbà," mo ní. "Oòrùn kò tíì wọ̀."