Dókítà Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dúró

Dókítà tó tọ́jú ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ kì í kánjú sọ̀rọ̀. Kó tó dá èèyàn lóhùn, yóò kọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìyá mi kí ilé ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá sí ìsàlẹ̀. Mo mú un wá láti Ìdógùn. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tún la ikùn òun, kí òun lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ oko.

Dókítà nu awò rẹ̀. “Màmá, mo lè gba ìsàlẹ̀ yọ ilé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àpò ìtọ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ àpá àtijọ́. Bí mo bá bá a bẹ́ẹ̀, mo máa dúró, mo máa la ikùn.”

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ló bá a. Ó dúró, ó sì la ikùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. “Ohun tí ẹ ò fẹ́ ni mo ṣe, Màmá. Ká ní mo fi agídí fà á ni, àpò ìtọ̀ ì bá ya.”

Ìyá mi, tó ti ń fajú ro láti òwúrọ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹni tó lè dúró báyìí, mo lè fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ dókítà náà ni mo bí àkọ́bí mi sí.