Àmín Bàbá Mi Láàárín Orin Kérésì

Yéè, Bàbá mi! Àgbà mùsùlùmí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí gbogbo Peckham nílùú òyìnbó níbí ń kí ní Alhaji, ó wá dìgbà wo o? Lónìí la ń ṣe fidáù yín, kọ́ńsáàtì Kérésì wa sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi Sìdíkátù ọmọ yín, tí mò ń bá ẹgbẹ́ akọrin kọ orin Bàrókì, orin àtijọ́ àwọn òyìnbó, n ò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́ láìrí yín níjòókòó.

Tí mo bá ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa dánra wò nílé, tí ohùn kan ṣáájú tí àwọn yòókù ń tẹ̀lé e, ẹ ó yọjú, ẹ ó ní: "Sìdí, one person ló ń sá lọ níwájú, gbogbo yín wá ń lé e. Kí ló jí gbé?" Àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́ṣáláṣí bi yín pé kí lẹ ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní, "Ọmọ mi ló ń kọrin. Ṣé kí n wá jókòó sílé ni?"

Ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ wá gbọ́ wa ò ṣeé gbàgbé. Ohùn wa ròkè, ó ròkè, a wá dákẹ́ lójijì kí a tó kọ ìlà tó kẹ́yìn, bí orin náà ṣe rí. Ẹ̀yin rò pé àdúrà ti parí. "Àmín, yà Robbi!" lẹ ké, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì yíjú. Ojú tì mí gan-an. Nígbà tí à ń relé, ẹ ní, "Sorry o, Sìdí. Ṣùgbọ́n ẹ gbàdúrà tán, ẹnì kan ò ṣe àmín. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?"

Lọ́dún kejì, ìyá òyìnbó tó ń darí wa gbé ọwọ́ sókè níbi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó kọjú sí yín, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ fi ṣe é. Bó ṣe dàṣà nìyẹn. Àwọn òyìnbó tó ń wá láti Brockley, àdúgbò kejì, pàápàá ń bá yín ṣe àmín.

Bàbá mi, àárò yín ń sọ mí. Lánàá la dánra wò. A débẹ̀, ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ó gbàgbé pé ẹ ti lọ. A dúró títí. Ó wá fi ọwọ́ náà bo ojú.

Ó wù mí kí n yẹra lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí n lè jókòó sílé lẹ ṣe ń bá àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ yín pààrọ̀ àsìkò iṣẹ́ lọ́dọọdún kí ẹ lè wá gbọ́ wa. N ó kọ ọ́, tẹkúntẹkún. Tí ẹ bá ń gbọ́ wa lọ́hùn-ún, ẹ má dúró kí a parí kí ẹ tó ṣe àmín o.

Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn re o, Bàbá Sìdí.