Wọ́n Ní Ọkọ Mi Gba Ẹ̀gúnjẹ Lórí Básíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí ojú mi rí ní Libreville níbí, ní ilẹ̀ Gabon, fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọmọọmọ mi tí ẹ máa ń ka ohun tó bá kọ. Èmi ò mọ̀wé. Èmi ni mò ń sọ ọ́, òun ló ń kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú níbì kan, ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹnu mi!

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ààrẹ lọ ni, tí àwọn ṣọ́jà Faransé sì gbé e padà sórí àga kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Òmìnira ò tíì pẹ́ dé nígbà náà. Ọmọ yìí ní 1964 ni. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Bí èèyàn méjì bá dúró pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹnì kẹta á máa wò wọ́n. Ta ló lọ sọ? Ta ni wọ́n ti fún ní nǹkan? Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ó sì wọ inú bọ́ọ̀lù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Básíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń wí, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n lókè. Òyìnbó Faransé kan tó ní ilé iṣẹ́ ìlagi fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó kó àwọn ọkùnrin gíga jọ, ó ń sanwó oṣù fún wọn. Lẹ́nu lásán, wọ́n ń ṣọ́ igi nínú ọgbà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù gan-an niṣẹ́ wọn. Yàrá tí à ń gbé, ilé iṣẹ́ yẹn ló ni ín. Ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò nínú bọ́ọ̀lù, ó yọ níṣẹ́ nìyẹn, kó sì kó ẹrù rẹ̀ síta. A kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Mo ní ọmọ ọwọ́. Níbo la fẹ́ gbà?

Làsísì ni gbogbo ayé ń pe ọkọ mi. Èmi ń pè é ní Bàbá Mọ́rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́kọ́ dé Gabon, òun ló mú ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi, òun náà ló bá a wáṣẹ́. Ọmọọmọ mi ní kí n dárúkọ rẹ̀. Mo ní kó lọ bi ẹlòmíràn! Ẹni tí mo bá nílé ọkọ, ṣé mo lè pe orúkọ rẹ̀ ni? Nítorí pé ó ga, tí aṣọ sì máa ń bá a mu, Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ ọ́. Ó ti kú tipẹ́, mi ò tíì pè é ní nǹkan mìíràn.

Lọ́dún yẹn, ìyà ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n nà wọ́n, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n tún nà wọ́n. Bí wọ́n bá parí lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn wọn á wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Yésúfù, Nàgó ará Porto-Novo, ní àdúgbò wa ní Derrière la Prison. Kẹrosíìnì, ṣúgà àti sìgá ni Yésúfù ń tà. Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o! Á to kóró ṣúgà sórí tábìlì bí ẹni tó ń to àwọn agbábọ́ọ̀lù. Èyí ló ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, èyí ló ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, èyí ló ń jù ú láti òkèèrè. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ, á mú kóró rẹ̀, á jù ú sẹ́nu.

Àwọn kan ní Agùntáṣọọ́lò ló yẹ kó jókòó, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Àwọn kan ní láéláé, ta ni yóò dúró lábẹ́ àwọ̀n? Ṣùgbọ́n ti ọkọ mi ni gbogbo wọn ń padà sí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá jù, ọwọ́ rẹ̀ ló dájú jù. Bí wọ́n bá ń dánra wò, kò sí èyí tó jù tí kò wọlé. Bó bá di ìdíje, kò ní jù ú, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Á kàn di bọ́ọ̀lù mú títí wọn á fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá ra kẹrosíìnì lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ ọ́. Yésúfù rí mi, kò dákẹ́.

"Ọwọ́ tó ń jù ú sínú àwọ̀n lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ló rọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú? Wọ́n ti fún un ní nǹkan ni." Ó jẹ kóró ṣúgà ọkọ mi wáú. Ó wá kọjú sí mi. "Ìyàwó Làsísì, ìgò kan ṣoṣo? Garawa ló yẹ kí ẹ gbé wá, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo san owó mi, mo lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ẹ wò ó, ìfura kò nílò oúnjẹ púpọ̀. Bí mo ṣe ń gbálẹ̀, mo rí bàtà kẹ́ńfáàsì tuntun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló rà á? Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹ̀gbọ́n tí bàtà tirẹ̀ ti la ẹnu níwájú? Mi ò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí èèyàn bá kí i ní Faransé lójú ọ̀nà, mo ti ń wo ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Mo ní kí n kúkú lọ fojú ara mi wò ó. Mo pọn ọmọ, mo lọ sí pápá alásìmẹ́ńtì tí wọ́n ti ń gbá a.

Kí ni mo rí? Ọkọ mi gba bọ́ọ̀lù, òun nìkan, àwọn ọ̀tá jìnnà sí i. Kò jù ú. Ojú ló fi ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò sì kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn yòókù ń lọgun orúkọ ara wọn kiri pápá, ọkọ mi pa ẹnu dé. Wọ́n já a gbà. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù ta láti ara pátákó tí àwọ̀n wà, àwọn méjèèjì fò sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn.

Mo mọ ọwọ́ yẹn! Nílé wa, bí wọ́n bá jọ ń jẹun nínú àwo kan, bó ṣe máa ń fà á sẹ́yìn nìyẹn bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń bọ̀ lórí ẹran.

Nígbà tí a délé, mo bi í. Ó kọ́kọ́ bínú. Ó wá ní ṣé kí òun dúró lókèèrè kí òun máa lọgun pe Bọ̀dá lójú gbogbo ayé ni? Bọ̀dá ń fẹ́ bọ́ọ̀lù, òun á jù ú sáwọ̀n lójú rẹ̀? Mo bi í bóyá Bọ̀dá mọ̀ pé torí òun ni. Ó ní Bọ̀dá ò mọ̀.

Ìfura mi kò lọ, ẹlòmíràn ló kàn bọ́ sí lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Gabon ni, Músíò ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní pàtírọ́ọ̀nù, Òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ yẹn, fẹ́ yọ ẹnì kan kí oṣù tó parí, gbogbo ẹnu sì ń dárúkọ Làsísì. Ó ní kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ sọ ọ́. Yésúfù ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwa tí a ò gbọ́ Faransé. Ọkọ mi doríkodò. Agùntáṣọọ́lò wà lórí àga, ó ń jẹ obì. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ní yóò sọ̀rọ̀ wàyí.

Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́. "Ọmọdé ni," ó ní. "Ẹ má bá a wí púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi ná."

Kó lọ sinmi? Níbo?

Mo gbé ọmọ lé ẹnì kan lọ́wọ́, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi, Agùntáṣọọ́lò, mo kúnlẹ̀ o. Bí àbúrò yín bá ń wá yín nílé, ṣé ó lè dúró lókèèrè kó lọgun pè yín?"

"Ẹnu rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbà á."

"Nínú pápá ńkọ́?"

Ó yí obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Èmi ò ní kó má pè mí."

"Ẹ ò sì ní kó pè yín."

Músíò ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Yésúfù sọ nǹkan gígùn kan. Ṣé bí mo ṣe wí ló ṣe túmọ̀ rẹ̀? Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n Músíò kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn ọkùnrin méjèèjì títí, ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò níbẹ̀ yẹn, lójú gbogbo wa, pé bí wọ́n bá ti wọ pápá, kó máa pe òun lórúkọ, kó sì máa mú bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà.

Agùntáṣọọ́lò dìde. "Ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi? Kó máa lọgun orúkọ mi kiri pápá bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó lọ.

Músíò bá pàtírọ́ọ̀nù sọ ọ́. Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé àwọn méjèèjì ò ní jọ wà nínú pápá mọ́. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jókòó. Ọkọ mi ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohùn lẹ́nu ọkùnrin tí mo rò pé kò ní ohùn! Ó ń pe ọmọ Gabon, ó ń pe ọmọ Congo, ó ń jù ú sáwọ̀n. Wọ́n jẹ èyí, wọ́n pàdánù èyí, wọn ò gba ife kankan. Àmọ́ a ò kó jáde ní yàrá wa. Yésúfù dá kóró ṣúgà ọkọ mi padà sórí tábìlì, ó sì tún ní òun ṣì ń ṣọ́ ọ.

Kí òjò tó dé, Agùntáṣọọ́lò ti ríṣẹ́ mìíràn sí Port-Gentil. Kò wá dágbére fún wa. Ọkọ mi ò fẹnu kan oúnjẹ mi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Iṣẹ́ mi dúró, ẹ̀gbọ́n mi lọ. Èwo ni kí n dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ?"

Títí tó fi kú, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò mọ̀. Èmi ńkọ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, tí gbogbo bọ́ọ̀lù ṣì ń wá bá a, ṣé kò ní bi ara rẹ̀ pé kí ló dé? Bàtà tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé ìfẹ́ ni, àbí kí ọmọ náà má baà gbàgbé ẹni tó mú un wá? Mo ṣì ń rò ó.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà, kí ọ̀wọ̀ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, ọmọ yìí á kà á fún mi.

Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì ríṣẹ́ sí ibì kan náà ní èbúté, mo pè wọ́n jókòó. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé òun ni kó kọ́kọ́ la ẹnu, kó sọ fún àbúrò rẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé, "Níbí, pe orúkọ mi, bí mo bá ṣìṣe, sọ ọ́." Mo ní bí kò bá lè sọ ọ́, kí ọ̀kan nínú wọn lọ wáṣẹ́ síbòmíràn, kí wọ́n lè máa jẹun nínú àwo kan náà nílé mi.