Àwòrán Àkọ́kọ́ Inú Fíìmù

Rọra-Wà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, àfi ẹni tó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pè é ní "Bàbá wa". Kì í ṣe pé kò lè sáré lórí mọ́tò nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀ o. Ọ̀gá tó ń gbé kiri nígbà náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: akọ̀ròyìn kan tó ti òkèèrè wá, tó ń kọ ìròyìn, tó tún ń ya fọ́tò, tí kì í fẹ́ kí ohunkóhun kọjá lójú òun lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti ń lọ, á lu awakọ̀ rẹ̀ pẹ́pẹ́ léjìká, á ní, "Rọra wà! Rọra wà!" Ìwọ̀nba èdè wa tó gbọ́ yéké nìyẹn, ó sì lò ó dáadáa. Bí orúkọ ṣe mọ́ bàbá wa lórí nìyẹn.

Akọ̀ròyìn náà padà sílé, ó darúgbó, ó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹrù rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé, lẹ́tà àti fíìmù rẹ̀ ṣe dé ilé ìkówèépamọ́sí tó wà láàárín ìlú. Rọra-Wà náà ti fi mọ́tò sílẹ̀ nígbà náà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ń jókòó sí láràárọ̀. Ẹni tó bá wá gba ṣòkòtò, á gba ìtàn mọ́ ọn, ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Ọjọ́ kan ni fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá kan ni, láti ilé ìkówèépamọ́sí yẹn. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní àwọn ń to ẹrù akọ̀ròyìn náà, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn fíìmù kan ti ń jẹrà, ó ń rùn kíkan-kíkan, ẹ̀rù sì ń ba àwọn pé ó máa ran èyí tó kù. Ó ní níbi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, èèyàn kan ló sábà máa ń wà nínú àwòrán, tó di pépà funfun mú sáyà. Ṣé ó wúlò ni, kí àwọn wá bí àwọn ṣe máa tún un ṣe, àbí kí àwọn gé e?

Orí Rọra-Wà wú. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan gidi láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àfi bóyá ó ti jẹun.

"Ọ̀gá mi, ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bi lẹ bi yẹn," ló wí. "Ìyẹn kì í ṣe fọ́tò rárá. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fi wọ̀n. Ẹni tó bá ti wà nítòsí ló máa ń gbé pépà dání fún un kó tó ya ojúlówó. Èmi gan-an ti gbé e títí ọwọ́ mi fi kú. Ẹ gé e dànù jàre, kára tù yín."

Ọ̀gá náà dúpẹ́, ó dúpẹ́ títí. Wọ́n gbé Rọra-Wà gẹṣin aáyán, òun náà sì jókòó dáadáa lórí ẹṣin. Gbogbo oníbàárà ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yẹn pé àwọn ọ̀mọ̀wé ò lè ṣe kí wọ́n má pe òun.

Ìgbà tó yá ni ọmọ rẹ̀ bímọ obìnrin. Àwọn tó wá kí i gbé ọmọ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kò jọ bàbá, kò jọ ìyá.

Rọra-Wà rẹ́rìn-ín. "Ìyá ìyá rẹ̀ ló jọ. Ojú kan náà ni, iwájú orí kan náà."

Ọmọ rẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú. Kò gbójú sókè. "Báwo ló ṣe wá rí gan-an, Bàbá?"

Ìbéèrè yẹn ti ń bá a láti kékeré. Ẹnu ọmú ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí, omi tó ya wọlé lọ́dún kejì sì gbé àpótí tí fọ́tò ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí bàbá rẹ̀ bá ní ìyá rẹ̀ pupa lónìí, tó bá dọ̀la, á ní kò pupa tó bẹ́ẹ̀.

"Mi ò béèrè ju kí n rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kémi náà mọ ẹni tí mo bí."

Àánú rẹ̀ ṣe bàbá. Bó ṣe jókòó síbẹ̀ tó ń wá ohun tó máa fi tù ú nínú, ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá ọmọ yìí níyàwó, ó kọ̀ láti máa dá nìkan sùn sílé, ẹ̀yìn mọ́tò ló ń jókòó sí tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò. Ó rí i báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, nínú oòrùn, tó ń rẹ́rìn-ín, tí akọ̀ròyìn ń bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹnu dé, tí kámẹ́rà ń dún.

"Ìyá ẹ wà nínú fọ́tò!" ló pariwo. "Ọkùnrin yẹn yà á! Ó yà á láìmọye ìgbà!"

Ẹsẹ̀ wọn ò gbélẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n lọ. Ọmọ fi ìkókó sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, àfi bí ẹni pé ìyá náà á wò ó padà. Ní ilé ìkówèépamọ́sí, wọ́n gba báàgì wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́, wọ́n mú wọn wọ yàrá kan tó tutù, tí tábìlì onígíláàsì tó ń tan iná láti abẹ́ wà láàárín rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń tọ́jú ìwé níbẹ̀. Ọ̀gá tó pe Rọra-Wà lọ́jọ́sí ti fẹ̀yìntì.

"Awakọ̀ rẹ̀ ni mí," ni Rọra-Wà sọ fún un, kó tó kí i tán. "Kò síbi tó lọ tí kì í ṣe èmi ni mo gbé e débẹ̀."

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń to fíìmù sórí iná fún wọn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù tó jóná. Wọ́n rí sójà, wọ́n rí àwọn èèyàn tó tò láti pọnmi. Wọ́n rí Rọra-Wà fúnra rẹ̀ tó ń pààrọ̀ táyà, tí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ya, ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò rí obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Àpótí ń tán lọ. Ọmú ti kún lọ́yàn ọmọ rẹ̀, wàrà ti ń rin aṣọ tuntun, kò gbà kí wọ́n lọ.

"Bàbá, ṣó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú." Ó di ojú rẹ̀. "Ó kọjú sí oòrùn. Ẹ̀rín ń pa á. Ó di nǹkan mú sáyà báyìí… nǹkan funfun…"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Pépà?" ni ọ̀dọ́bìnrin náà bi í. "Pépà funfun?" Ó dìde, ó mú fáìlì kan wá, ó ṣí i, ó ń kà á sókè. "Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn fíìmù ti jẹrà. A gé e, a sì sun ún, nígbà tí awa…" Ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì. Ó gbójú sókè wo Rọra-Wà. Ó wò ó pẹ́.

"Nígbà tí ta ni ṣe kí ni?" ni ọmọ béèrè.

"Nígbà tí ẹnì kan tó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé kò wúlò." Ó pa fáìlì dé.

"Ta ni?"

"Wọn ò kọ orúkọ síbẹ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Ọmọ náà fọwọ́ gbá tábìlì. "Ta ni aláìnírònú yẹn? Ṣé ìyá ò bí i ni? Kó kàn lanu, kó ní kí wọ́n sun ìyá mi? Ọlọ́run á bi í!"

Ó wu Rọra-Wà kí ilẹ̀ lanu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Omijé nìkan ló jáde, ó ń dà wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ń kó fíìmù padà sínú àpótí. Àṣírí ti bò, kò sì sí ìtura kankan níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ yíjú, ó rí i tó ń sunkún. Gbogbo ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀ fún un.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá mi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Tí kì í bá ṣe yín, mi ò bá tí mọ̀ rárá pé wọ́n yà á." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹnu yín nìkan ló kù tí mo ti lè rí i báyìí. Ẹ tún sọ fún mi, mo ń gbọ́. Báwo ló ṣe rí?"

Rọra-Wà, tí ìtàn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, lanu. Kò rí nǹkan kan sọ.