Ẹni Tó Gbé Kọ́bọ́ọ̀dù Dókítà

Ọjọ́ tí Sájẹ́ǹtì Dewey Harbaugh lọ sọ fún ìjọba pé ẹ̀yìn òun ti bàjẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló dá kọ́bọ́ọ̀dù onírin gbé lójú dókítà.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn yìí ní ìlú Calder's Ferry. Hẹlikópítà ló já pẹ̀lú rẹ̀ ní Vietnam, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì bọ̀ sípò mọ́. Títí irun rẹ̀ fi funfun, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Noreen, ìyàwó rẹ̀, ló rojọ́ títí tó fi gbà láti lọ béèrè owó tí ìjọba ń san fún sójà tí ogun bá sọ di aláàbọ̀ ara. Ó fá irùngbọ̀n. Ó dan bàtà. Ó to gbogbo àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sí àyà. Ó wọlé bí ẹni tí ọ̀gágun fẹ́ yẹ̀ wò.

Wọ́n ń pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, kọ́bọ́ọ̀dù kan sì dí ẹnu ọ̀nà. Dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ní kó má bínú, òun máa pe ẹni méjì wá gbé e.

"Kí lẹni méjì fẹ́ ṣe, mà?" ni Dewey wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mú, ó gbé e. Òun nìkan. Ó gbé e dé igun yàrá, ó gbọn ọwọ́, ó jókòó, ó wá ń ṣàlàyé pé kẹ́tù omi gan-an ń wúwo lọ́wọ́ òun. Dókítà wò ó. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ìjọba fèsì pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yìn Ọ̀gbẹ́ni Harbaugh. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣì wà ní igun yẹn dòní. Wọn ò tíì rí ẹni tó máa gbé e padà.

Ohun tí àwọn ará ìlú kì í sọ mọ́ ọn ni pé nígbà tó délé, ilẹ̀ pálọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, kò sì lè dìde fún ọjọ́ púpọ̀. Orí rẹ̀ ni Noreen ń gbà kọjá lọ fún àwọn ajá lóúnjẹ. Bó bá ti ń kọjá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alágbára."

Twyla Beasley ló máa ń sọ apá yìí. Ẹnu Noreen ló ti gbọ́ ọ, kí Noreen tó kú.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Twyla wà ní ogun Iraq. Nígbà tó délé, ó ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ, níbi tí ẹ̀rọ kì í ti í sinmi, tí agogo kì í sì í dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, páànù ńlá kan jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa walẹ̀, abẹ́ tábìlì ló bá ara rẹ̀, ó di adìẹ tí wọ́n ti hú níyẹ̀ẹ́ mọ́ àyà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, oorun di àlejò. Prewitt, ọ̀gá ibẹ̀, sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa lọ sílé. Twyla nìkan ló sì ń dá tọ́ ọmọ méjì. Ilé wo ló fẹ́ lọ?

Ló bá lọ sọ́dọ̀ Dewey.

Dewey ti di olùkọ́ nígbà náà. Ó ní kò sí ẹni tó mọ bí sójà ṣe ń pàdánù owó ìjọba lójú dókítà tó òun, nítorí náà òun ló yẹ kó kọ́ àwọn yòókù. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àwọn sójà àtijọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja. Á so aṣọ ìdáná funfun mọ́ra, ó di dókítà nìyẹn. Á bi sójà tó bá kàn pé, "Báwo lara?" Ẹni tó bá ní "Dáadáa ni," kó lọ fọ àwo. Ó ní ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ológun fi igbe àti bàtà kọ́ èèyàn, àwo fífọ̀ nìkan ló lè tú u. Kò sí gbọ̀ngàn tí àwo rẹ̀ mọ́ tó tiwọn ní gbogbo Arkansas.

Hollis Vandiver, ọ̀kan nínú àwọn sójà náà, ló fún un níṣẹ́ jù. Ìbọn arọ̀jò ọta ti di Hollis létí, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́, nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" ni. Dókítà ìjọba bi í bóyá ó ń gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Dewey gbọ́ èyí, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó rọra bi í bóyá òun lè máa mú ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Dewey mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó wa ọkọ̀ lọ. Ó fi lọ pẹja. Ó fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi kó ajá lọ gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí Hollis dìde láàárín gbọ̀ngàn tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ," ọjọ́ náà ni ọkọ̀ padà wálé. Epo inú rẹ̀ ti tán.

Twyla náà fọ àwo. Ó fọ̀ ọ́ títí ìka rẹ̀ fi hunjọ. Nígbà tí Dewey rí i pé iṣẹ́ adìẹ máa pa á kí ẹ̀kọ́ tó yé e, ó múra, ó lọ bá Prewitt.

Dewey kì í dúnàádúrà bí èèyàn yòókù. Ńṣe ló máa ń dó ti ẹni, bí ọmọ ogun ṣe ń dó ti ìlú. Ó wọ ọ́fíìsì Prewitt tòun ti búrẹ́dì, ẹran àti kọfí nínú fúláàsì.

"Kí lẹ fẹ́, Sájẹ́ǹtì?" ni Prewitt bi í.

"Àga rẹ. Twyla ló máa jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́, ó wù mí."

Prewitt rò pé àwàdà ni. Dewey bu búrẹ́dì jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì hẹlikópítà, bóòtù kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó yá, ó fi àga sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún Twyla ní ibi tí Prewitt ń gbé ọkọ̀ sí. Ó padà sórí bóòtù. Kó tó tú ẹ́ńjìnnì náà dé ìdajì, Prewitt ti ní kí Twyla máa lọ síbi tí wọ́n ń kó páálí sí lẹ́yìn ọgbà, níbi tí agogo kò dé. Ibẹ̀ náà ni Dewey ti ní lọ́kàn láti àárọ̀. Ó ní kí Prewitt jẹ́ kí òun parí ìtàn. Prewitt bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.

Ó ku ọ̀dọ̀ dókítà. Dewey ló fi ọkọ̀ gbé Twyla lọ. Ó ní kò gbọdọ̀ kun ẹnu, aṣọ tó ń wọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá lè dìde ni kó wọ̀. Dókítà bi í, "Báwo lara?" "Dáadáa" ti dé eyín Twyla. Ó gbé e mì.

"N kì í sùn, mà," ló wí. "Bí mo bá sùn, ọkọ̀ yẹn náà ni mo ń wà."

Ìyókù tẹ̀lé e. Ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ tó wà níwájú tirẹ̀, àti ẹni tó wà á. Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó kàn ń gbọ́. Nígbà tí Twyla jáde tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, Dewey ò bi í ní ohun tó sọ.

"Ṣé o gbé nǹkan kan níbẹ̀?"

"Rárá, Sájẹ́ǹtì."

"Ọmọ mi ni ọ́."

Ìjọba gbà. Twyla dín iṣẹ́ kù, ó ń rí oorun díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo wọn wá yíjú sí Dewey pé kó padà lọ béèrè tirẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn òun kẹ̀? Dáadáa ni. Hollis nawọ́ kànìnkànìn sí i. Dewey gbà á, ó fọ gbogbo àwo, ó ń kọrin, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó yàn láti máa fọ àwo títí ayé ju kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "Ó ń dùn mí," lọ.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn wọ inú eegun rẹ̀.

Twyla ló jókòó tì í nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín, Sájẹ́ǹtì?

"Méjì," ni Dewey wí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ni, nọ́ọ̀sì," ni Twyla wí.

"Ta ló bi ọ́? Mẹ́ta."

"Mẹ́sàn-án."

"Mẹ́ta ààbọ̀. Nítorí tìẹ ni mo ṣe fi ààbọ̀ sí i."

Twyla fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní bí kò bá fi kún iye náà, òun máa sọ bí wọ́n ṣe ń to adìẹ sínú páálí fún un, láti orí páálí àkọ́kọ́.

"O ò láàánú," ni Dewey wí. "Mẹ́rin."

"Etí páálí tọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ń ká, Sájẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, tòsì."

Nọ́ọ̀sì ń wo ẹnu wọn. Twyla ṣíwọ́ àwàdà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sájẹ́ǹtì. Èmi ni. Mélòó ni?"

Ó wo àjà.

"Mẹ́jọ," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ti ń jẹ́ mẹ́jọ, ó ti pẹ́."

Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ tú. Èjìká rẹ̀, tí Twyla kò rí kó sinmi lé nǹkan kan rí, balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó dé ìlú àjèjì.

"Twyla. Ṣé báyìí lara ẹ̀yin yòókù ṣe ń rí lójoojúmọ́?"

"Rárá, Sájẹ́ǹtì. Tiwa náà ń dùn wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò di ẹ̀gbẹ́ mú. Twyla kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láìsí ìkérora nínú rẹ̀ rí, nítorí náà ó jókòó, ó ń gbọ́ ọ títí ẹ̀rín náà fi di oorun.