Àwọ̀ Ojú Ìyá Àgbà

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pupa díẹ̀." Ohun tí àwọn oníbàárà mi kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn ní Èjìgbò, kí wọ́n tó jókòó rárá. Ọkùnrin o, obìnrin o, ẹni tó ti Àbíjàn dé láàárọ̀ yìí o, ẹni tí kò kọjá ìlú Ola ìtòsí wa rí o, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni tí Ọlọ́run fi àwọ̀ dúdú dídán jíǹkí á ní kí n sọ òun di òyìnbó nínú fọ́tò. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ yà ni, àbí aládùúgbò yín?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Inú á máa bí mi, ẹ̀rín náà á sì máa pa mí. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo ẹni tó ń ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ìyẹn ìyá àgbà mi, ìyá tó bí màmá mi, tí wọ́n ń gbé ní Masifa, nítòsí Èjìgbò. Tiwọn ni pé wọn ò tilẹ̀ fẹ́ rí fọ́tò ara wọn sójú. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n yà láyé wọn ni wọ́n ti fà ya. Bí ẹ bá na ọ̀kan sí wọn, wọ́n á wò ó, wọ́n á yínmú, wọ́n á ní, "Èyí kì í ṣe èmi. Sé pa mùá!" Wọ́n ti ṣòwò aṣọ pẹ́ ní Àbíjàn kí wọ́n tó padà wálé, Faransé ni wọ́n sì fi máa ń bínú. Ká sọ tòótọ́, ojú wọn máa ń rí bí eérú nínú àwọn fọ́tò yẹn. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn ayafọ́tò àtijọ́ ni kò mọ iṣẹ́.

Ẹ̀rín lásán ni ọ̀rọ̀ yìí ì bá jẹ́, bí kò bá sí ti Bàbá Àbíjàn. Bàbá Àbíjàn ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì nìkan ló sì kù. Ìyá wọn kú nígbà tí ìyá àgbà ṣì ń rá. Kò ya fọ́tò kankan sílẹ̀, ìyá àgbà ò sì rántí bí ojú rẹ̀ ṣe rí rárá. Ẹ̀gbọ́n yìí, tí òun náà ò ju ọmọdé lọ nígbà náà, ló pọ̀n wọ́n, ló fún wọn lóúnjẹ, òun náà ló mú wọn lọ sí Àbíjàn nígbà tí wọ́n dàgbà. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ò gbé bàbá wálé mọ́, ojú wọn sì ń ṣú lọ. Dókítà ti sọ fún wọn pé kò sí oògùn tó máa dá a dúró. Wọ́n wá ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò àwọn fi fọ́tò ńlá kan ránṣẹ́, èyí tí àwọn máa gbé kọ́ sára ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn máa wò ó nígbà tí ojú ṣì ń ríran.

Mi ò sí nílé nígbà tí iṣẹ́ yẹn dé. Màmá mi mú ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò mìíràn. Háà! Ẹni yẹn fọ fọ́tò náà funfun báláú. Ó yọ gbogbo ìhunjọ ojú wọn kúrò, ó tún kun ètè wọn ní pupa. Nígbà tó dé Àbíjàn, bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n wá pè wá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Obìnrin yìí mà rẹwà o. Ìyàwó ta ni?"

Gbogbo wa ló rẹ́rìn-ín, àfi ìyá àgbà. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n fi etí ìró nu ojú. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ lo ń jẹun nídìí fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí ò dá mi mọ̀ mọ́. Jẹ́ kí wọ́n rí mi kí ojú wọn tó ṣú tán."

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí àwọ̀ yín ṣe rí gan-an ni wọ́n máa rí i." Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ya nǹkan tán, ó lè se é fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó fi iyọ̀ àti ata sí i bó ṣe wù ú, kó sì gbé e fún yín ní jíjinná. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ń ṣe, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún un pé kó má sè é, kó gbé e fún yín ní tútù. Fọ́tò tútù ò wu ojú rí. Ó máa ń ṣá, kì í dán. Àmọ́ gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa se é lórí kọ̀ǹpútà. Wàhálà tó kù ni pé kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní bí ojú tirẹ̀ ṣe ń rí àwọ̀. Tèmi yìí, bó bá ti rí àwọ̀ dúdú wa, ṣe ló máa ń sọ ọ́ di pupa bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Nítorí èyí ni mo ṣe ra káàdì kan tó kún fún àwọ̀ oríṣiríṣi. Èèyàn á kọ́kọ́ ya káàdì náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà tó fẹ́ fi ya oníbàárà. Kọ̀ǹpútà ti mọ bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí káàdì ṣe yẹ kó rí. Á fi wé bí kámẹ́rà ṣe rí i, á sì ṣe ohun tí à ń pè ní pùrófáìlì, tó máa tún àṣìṣe ojú kámẹ́rà yẹn ṣe. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé oúnjẹ mi máa ń tutù sílẹ̀ nídìí rẹ̀.

Bí mo ṣe dé Masifa, wọ́n ti na tapólì aláwọ̀ búlúù sójú àgbàlá kí oòrùn má bàa pa mí. Mo ní kí wọ́n tú u, pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá máa sọ gbogbo wa di aláwọ̀ aró. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ yìí ò mọ oore." Wọ́n ní kí n dúró, àwọn fẹ́ wé gèlè. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n jáde tayọ̀tayọ̀, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo na káàdì mi sí wọn, mo ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ọlọ́pàá mú mi ni, tí o fi ní kí n gbé pátákó dání?"

"Ìyá àgbà, káàdì náà ló máa jẹ́ kí kámẹ́rà ríran dáadáa."

"Kámẹ́rà náà ń fọ́jú? Ṣé òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni?" Wọ́n gbà á, wọ́n sì gbé e, àmọ́ wọ́n ní èyí tó ní pátákó kọ́ ni kí n fi ránṣẹ́ o. Mo gba káàdì, mo sì tún wọn yà láìsí i.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe pùrófáìlì mi. Ó dùn! Gèlè wọn tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò jáde bó ṣe rí gan-an. Ògiri alámọ̀ ẹ̀yìn wọn jáde bí ògiri alámọ̀. Kí ẹ wá wo ojú o: eérú. Mo ní bóyá kọ̀ǹpútà mi ló ń tàn mí, ó lè dáa lórí bébà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gbé e lọ sí Masifa. Ìyàwó ilé kan ní agbo ilé ìyá àgbà ń lọ sí Àbíjàn, òun ló máa bá wa gbé fọ́tò náà dání, bọ́ọ̀sì wọn á sì gbéra lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Kò sí àyè ìranù mọ́.

Ìyá àgbà tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n mirí. "Sé pa mùá."

Mo gbiná. Mo bú kámẹ́rà, mo bú káàdì, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Màmá mi ní kí n rọra, pé kì í ṣe gbogbo ará Masifa ló ra kámẹ́rà náà fún mi. Ibi tí mo ti ń pariwo ni ojú mi ti bọ́ sórí tábìlì. Ọwọ́ ìyá àgbà ti sún wálẹ̀, ó wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn tó wà nínú fọ́tò. Mo sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ti ara àti ọwọ́ ti orí bébà ò yàtọ̀ síra rárá, títí kan dúdú oríkèé ìka wọn. Bí kámẹ́rà mi bá dá ọwọ́ wọn mọ̀, kí ló dé tí kò dá ojú wọn mọ̀?

Mo rọra béèrè pé, "Ìyá àgbà, kí lẹ ṣe nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo wé gèlè."

"Kí lẹ tún ṣe?"

"Mo kun àtíkè. Ṣé èèyàn ń ya fọ́tò láì kun àtíkè ni?"

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń kùn ún bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò?"

"Láti ìgbà ọmọge mi ni! Ìyá tó kọ́ mi lówò ló ní kí n máa kùn ún, kí ojú mi má bàa dán jù." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà yé àwọn fúnra wọn. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ gbà mí! Èmi ni mo ń kun eérú sójú ara mi, tí mo ń bú oníṣẹ́ kiri!"

Mo ṣubú sórí ẹní, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Màmá mi ń nu omijé. Ìyá àgbà ń fi aṣọ gbá mi lẹ́yìn, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn ayafọ́tò tí mo ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n jàre mi pátápátá. Èmi náà, káàdì àti ìmọ́lẹ̀ ni mo gbájú mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò wo ojú wọn dáadáa.

Àmọ́ nígbà tí mo ní kí wọ́n lọ fọ ojú ká tún un yà, ẹ̀rín wọn dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ojú lásán? Kí àwọn ará Àbíjàn wá máa sọ pé mi ò rẹ́ni tọ́jú mi?" Ojú ń tì wọ́n, mo rí i.

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ìyá àgbà, ojú lásán ni bàbá pọ̀n. Kò sí àtíkè lójú yín nígbà yẹn."

Wọ́n dìde, wọ́n bu omi, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ ojú, wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á. Wọn ò wé gèlè mọ́, ìborùn ni wọ́n fi bo orí. Wọ́n gbé káàdì mi láìjanpata. Mo yà wọ́n, mo sáré padà lọ ṣe pùrófáìlì tuntun, mo se fọ́tò tútù náà jẹ́jẹ́. Nígbà tí ojú wọn yọ lórí bébà, dúdú, tó ń dán, tí pupa díẹ̀ wà lábẹ́ ojú, mo pariwo, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi sì sáré wọlé wá wò ó. Mo sáré gbé e dé Masifa kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e lé e.

Wọ́n ní, "Èmi nìyí. Alihamdulilahi. Èmi nìyí."

Lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, a gbé fóònù sáàárín wa, a jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. A gbọ́ tí wọ́n ń tú bébà. Mo ti ń wá ohun tí màá fi tu ìyá àgbà nínú.

Bàbá wá ní, "Níbo lẹ ti rí fọ́tò ìyá wa?"

Ìyá àgbà gbá fóònù mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o. Èmi àbúrò yín ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo rí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, ẹ̀yìn mi lo ti já bọ́ tó fi wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ ìyá wa nìyí. Ojú rẹ̀ nìyí, bó ṣe máa ń rí bó bá ti oko dé tó bá ti bọ́jú tán. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, mi ò tíì rí i, àfi òní."

"Ṣé mo jọ ọ́ ni?" Ohùn ìyá àgbà rí bíi ti ọmọdé.

"Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni? Mo rò pé o mọ̀."

Wọ́n jọ ń sunkún, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ní Àbíjàn àti ní Masifa, èmi náà sì ń bá wọn ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Èjìgbò. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ọ̀kan, àwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí yàrá àwọn. Oníbàárà kan tó jókòó síbẹ̀ nawọ́ wo fọ́tò náà, ó ní, "Ó dáa o, màmá. Ẹ kàn ní kí wọ́n bá yín fọ̀ ọ́ kó pupa díẹ̀."

Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ìjà mi, àmọ́ ìyá àgbà ti gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e mọ́ àyà.

"Kí wọ́n fọ kí ni? Ìyá mi nìyẹn."